Gáùnì Yíyá tí Bàbá Dúpẹ́ Lé Lórí

Sámúẹ́lì Àjàní, ọmọ Oníkòyí, Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí, ọmọ arógunyọ̀. Ẹ̀ṣọ́ kì í gbọfà lẹ́yìn, iwájú gangan ni baba wọn fi ń gbọfà. Àjàní ọkọ Fẹ́híntọ́lá, baba Tóyìn, baba Dípọ̀, àkọ́bí ìyá mi. Bùọ̀dá mi ni. Orúkọ kan wà tí wọ́n ń pè é nígbà tó wà ní yunifásítì, tí kò sí nínú ìwé ètò ìsìnkú tí àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ̀, torí àwọn tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀ mọ́. Àsansílẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin ọmọ-ọmọ rẹ̀ bi mí pé kí ló fà á. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ẹ fara dà á bí ọ̀rọ̀ mi bá wọ́.

Mo ṣì kéré, ẹsẹ̀ mi kò tí ì tó pátákó máṣíìnì dáadáa, nígbà tí wọ́n mú mi kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Agbowó ní Ìbàdàn, kí n wá kọ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ Àǹtí Rákẹ́ẹ̀lì, àbúrò bàbá wa. Ṣọ́ọ̀bù Àǹtí kọjú sí títì, òdìkejì títì sì ni géètì yunifásítì wà. Bí a bá gbé orí sókè lórí iṣẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ la máa rí. Wọ́n á ti kó ìwé sí abíyá, wọ́n á máa jiyàn bọ̀ látinú ọgbà, wọ́n á jiyàn náà kọjá títì, wọ́n á gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù wa, wọ́n á sì ní kí Àǹtí dá ẹjọ́ náà. Àǹtí á ní, "Ẹ bọ́ ṣòkòtò tí ẹ fẹ́ tún ṣe sílẹ̀ ná."

Ọdún kejì tí mo débẹ̀ ni Bùọ̀dá wọ yunifásítì náà. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ilé wa.

Ní gbogbo Sátidé, Àǹtí á se ẹ̀wà, á bù ú sínú abọ́ onídèérí, èmi á sì gbé e lọ sí họ́ọ̀lù tí Bùọ̀dá ń gbé. Pọ́tà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, Bàbá Lájídé, á wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Àbúrò ta ni ọ́?"

"Àbúrò Àjàní ni, sà."

"Gbogbo obìnrin tó ń wọ họ́ọ̀lù yìí, àbúrò ẹnì kan ni wọ́n. Ìwọ nìkan ló máa ń gbé ẹ̀wà dání. Kọjá."

Bẹ́ẹ̀dì méjì ló wà nínú yàrá wọn. Bùọ̀dá ló ni ọ̀kan, ọmọ Warri kan tó ń jẹ́ Ẹ́fẹ́ ló ni ìkejì. Àárín bẹ́ẹ̀dì méjèèjì ni Múfútáù, ọmọ Ṣakí, máa ń tẹ́ ẹní sí. Òun kò rí bẹ́ẹ̀dì gbà lọ́dún yẹn. Irú rẹ̀ pọ̀ nínú ọgbà, sìkúọ́tà ni wọ́n ń pè wọ́n. Ní àárọ̀, Múfútáù á ká ẹní rẹ̀, á tì í sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, kí àwọn tó ń yẹ yàrá wò má baà rí i. Bí wọ́n bá bá a níbẹ̀, á ní àlejò lòun. Láti ìgbà tí ilé ìwé ti wọlé ló ti ń ṣe àlejò.

Omi kì í yọ déédéé. Ẹ̀yìn họ́ọ̀lù ni ẹ̀rọ omi wà, bókẹ́ẹ̀tì ló sì máa ń tò níbẹ̀ dípò ènìyàn. Ẹni tó ni bókẹ́ẹ̀tì á ti lọ sí kíláàsì, orúkọ rẹ̀ tó fi ọ̀dà kọ sára bókẹ́ẹ̀tì á máa dúró dè é. Bí omi bá ń sun, ẹni tó bá wà nítòsí á máa sún gbogbo rẹ̀ síwájú, kò sí ẹni tó jẹ́ fo bókẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn. Mo ti rí i tí wọ́n ń bú ìjọba, tí wọ́n ń bú ọ̀gá ilé ìwé, tí wọ́n sì ń bú ara wọn, ṣùgbọ́n mi ò rí i kí wọ́n fo bókẹ́ẹ̀tì.

Òfin ni pé kí wọ́n má dáná nínú yàrá. Gbogbo yàrá ló ní sítóòfù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí kíláàsì wọn ṣe rí, Bùọ̀dá ló sọ fún mi: ó ní bí ènìyàn bá pẹ́ dé, ojú fèrèsé ló máa dúró sí, olùkọ́ á sì jìnnà bí ẹni tó wà ní Àpáta, lódìkejì ìlú. Ó fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà. Mi ò rí i kó fẹ́ràn nǹkan tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ kan wà tí yunifásítì máa ń gba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní gbangba. Wọ́n á dìde, wọ́n á búra pé àwọn á pa òfin mọ́, wọ́n á sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Gáùnì dúdú ni wọ́n máa ń wọ̀ lọ́jọ́ náà, yíyá ni, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì máa ń dá a padà. Ìgbà tí Bùọ̀dá fi dé ibi tí wọ́n ti ń pín in, àwọn ńláńlá ló kù. Ó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mo fi pín-ìnnì ká ọwọ́ rẹ̀ sókè. Làmídì onífọ́tò gbé àga síwájú ṣọ́ọ̀bù wa, ó ta aṣọ olódòdó sí ara ògiri, ó ní kí Bùọ̀dá mú ìwé dání kó má rẹ́rìn-ín. Dùgbẹ̀ ló ti lọ fọ fọ́tò náà. Nígbà tó dé, a fi ọ̀kan rán awakọ̀ sí Bàbá ní Ògbómọ̀ṣọ́. A ní kó sọ pé ọmọ wọn ló kí wọn.

Kò sí ẹni tó rántí sọ ju ìyẹn lọ.

Ẹ gbọ́ o. Ní àdúgbò wa nílé, gáùnì tí ènìyàn ń rí kò ju ti inú fọ́tò lọ, ara ògiri pálọ̀ àwọn tó ti parí yunifásítì ló sì máa ń wà. Ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́, ó ti jáde nìyẹn. Wọ́n sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ẹnì kan bi Bàbá pé, "Fìlà tiẹ̀ ńkọ́?" Bàbá dáhùn pé, "Orí Àjàní tóbi. Bóyá kò wọ̀ ọ́." Wọ́n bi Bàbá pé ṣé kò yá jù, Bàbá ní ọmọ tó mọ̀wé kì í pẹ́ nídìí ẹ̀.

Awakọ̀ yẹn náà ló mú èsì wá. Bàbá ní Sunday tó ń bọ̀ ni ìdúpẹ́, ìjọ ti gbọ́, màlúù ti wà nílẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti bá ọ̀gá ilé ìwé girama kan sọ̀rọ̀, àyè olùkọ́ wà fún un, ọjọ́ Ajé ló máa bẹ̀rẹ̀.

Àǹtí Rákẹ́ẹ̀lì jókòó. Bùọ̀dá náà jókòó. Bó bá dákẹ́, iṣẹ́ olùkọ́ ló máa lọ ṣe, ilé ìwé parí nìyẹn. Bó bá sọ̀rọ̀, Bàbá á di ẹni ẹ̀rín lójú gbogbo ìjọ, Bàbá kì í sì í ṣe ẹni tí wọ́n máa ń fi rẹ́rìn-ín. Àyà ti ń dùn wọ́n láti ọdún tó ṣáájú.

Ní họ́ọ̀lù, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò tiẹ̀ ṣàánú rẹ̀. Ẹ́fẹ́ ní, "My brother, na you sharp pass. Me wey never buy textbook, you don graduate." Múfútáù sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ẹní rẹ̀. Ó ní, "Alákọ̀wé, ẹ kú oríire o. Nígbà tí ẹ ti parí, ṣé a lè gba bẹ́ẹ̀dì yín báyìí?"

Bùọ̀dá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó nu ojú, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí di báàgì.

Sátidé la gbéra, èmi, òun àti Àǹtí. A bá ilé ní kíkún. Bí Bùọ̀dá bá ti sún mọ́ Bàbá, Bàbá á di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n á pe ẹlòmíràn kó wá wò ó. Ó jẹun, ó sùn, ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Àárọ̀ Sunday ló tó bá Bàbá láwọn nìkan. Wọ́n ń wọ agbádá. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà, Bíbélì ìyá wa wà lọ́wọ́ mi.

"Bàbá, mo ní ọ̀rọ̀ kan."

"Bá mi fa apá yìí jáde ná."

Ó fà á jáde. Ó kúnlẹ̀ níbi tó wà, ó ní, "Bàbá, mi ò tíì parí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Ọjọ́ tí wọ́n gbà wá la ya fọ́tò yẹn."

Bàbá wo fọ́tò tó wà lókè ìlẹ̀kùn, wọ́n ti fi gíláàsì sí i.

"Ta ló ni gáùnì?"

"Ilé ìwé ló ni ín, sà. A ti dá a padà."

"Wọ́n gbà ọ́ wọlé lóòótọ́?"

"Wọ́n gbà mí."

"Ó kù bí ọdún mélòó?"

Ó sọ ọ́ fún wọn. Bàbá tẹ fìlà sọ́tùn-ún, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ sósì. Wọ́n ní, "Dìde. Agogo ti lù."

Mo rò pé wọ́n á ní kí pásítọ̀ sún ìdúpẹ́ síwájú. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe ìdílé wa síwájú, Bàbá fúnra wọn ló kọ́kọ́ dé iwájú pẹpẹ, wọ́n ní kí àwọn akọrin dúró ná.

Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ará, mo ṣi fọ́tò kà. Ọmọ yìí kò tíì jáde, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Òun kọ́ ló purọ́ fún mi, èmi ni mi ò béèrè. Ṣùgbọ́n mo ti gbé ọpẹ́ mi dé ibí, mi ò lè gbé e padà sílé. Ẹ bá mi gbà á. Lọ́la ó ń padà sí Ìbàdàn. Ọjọ́ tó bá parí, mo tún ń bọ̀."

Láti ẹ̀yìn ni ìyá wa ti gbé ohùn sókè, ó ń ki wọ́n ní Oníkòyí, ó ń sọ ibi tí Ẹ̀ṣọ́ fi ń gbọfà. Díákónì àgbà wá sọ pé, "Bàbá Àjàní, ọpẹ́ àsansílẹ̀ lẹ mú wá nìyẹn." Ẹ̀rín bú. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. A jó. Wọ́n jẹ màlúù náà tán.

Àǹtí ló ròyìn rẹ̀ fún Múfútáù nígbà tó wá gba ṣòkòtò. Kí ọjọ́ náà tó rọ̀, gbogbo họ́ọ̀lù ti ń pe Bùọ̀dá ní Àsansílẹ̀.

Ọdún tó yẹ kó parí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ́de, ìjọba ti ilé ìwé, wọ́n ní kí gbogbo wọn kó ẹrù jáde. Ẹ́fẹ́ àti Múfútáù wá sùn sí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wa títí wọ́n fi rí mọ́tò lọ sílé. Àárín ìgbà tí ilé ìwé wà ní títì ni Bàbá kú. Nígbà tí Bùọ̀dá wá jáde, ìjọ ní àwọn ń retí ìdúpẹ́. Ó ní Bàbá ti san án. Títí ó fi dàgbà, tó kọ́lé sí Bódìjà, fọ́tò gáùnì yíyá yẹn ló wà ní pálọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá wo ọwọ́ òsì dáadáa, ẹ máa rí pín-ìnnì mi.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, kí ẹ tó bọ́ gáùnì lọ́rùn, fọ́tò yín ti dé ìlú òyìnbó, ó ti gbé àlàyé dání. Kò sí bàbá tó máa ṣi í kà mọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ibi tí ṣọ́ọ̀bù Àǹtí wà, fóònù ni wọ́n ń tún ṣe níbẹ̀ báyìí. Àwọn tí kò rí bẹ́ẹ̀dì nínú ọgbà kún gbogbo Agbowó, wọ́n ń gba yàrá, wọ́n ń ra omi. Mi ò mọ̀ bóyá bókẹ́ẹ̀tì ṣì ń tò.

Ẹ́fẹ́ ti ṣáájú lọ. Múfútáù wá láti Ṣakí, ó fi ọ̀pá rìn dé etí sàréè. Ó wo ìsàlẹ̀, ó ní, "Àsansílẹ̀, o ti fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ fún mi báyìí." Dípọ̀ di apá rẹ̀ mú.

Ọjọ́ Ẹtì la sin Bùọ̀dá mi, ní Ògbómọ̀ṣọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá.