Orí Òbòkún àti Sùpánà Bàbá Kékeré

Òórùn òbòkún yíyan ni ó jí mi ní ìdájí ọjọ́ náà, kì í ṣe ìpè àdúrà. Ọyẹ́ ti mú débi pé ètè mi là, mo sì ti fi aṣọ ìbora bo orí, ṣùgbọ́n aṣọ ìbora kì í dá òórùn ẹja dúró. Mo dìde, mo tẹ̀lé imú mi lọ sí ilé ìdáná. Màmá mi ti wà níbẹ̀, ó ń se oúnjẹ sààrì fún bàbá mi àti Ìyá Àgbà, ó sì ń kọ orin Kérésìmesì wúyẹ́wúyẹ́. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni wọ́n fi wé ẹja náà, òróró rẹ̀ sì ti gba inú ìwé já. Mo bá a gba ìwé náà pé mo fẹ́ lọ jù ú nù. Mo jù ú nù lóòótọ́, lẹ́yìn tí mo ti lá a títí àwọn lẹ́tà ara rẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ pa rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwé yìí sọ́kàn.

Ìyá Ejìnrìn, ìyá tó bí màmá mi, ni ó fi ẹja náà ránṣẹ́ sí ìyá ọkọ ọmọ rẹ̀ ní Ìkòròdú nítorí ààwẹ̀. Ẹja ni ó ń yan tà lọ́jà Ejìnrìn, ṣùgbọ́n òbòkún jẹ́ èèwọ̀ ní ìdílé wọn. Wọ́n ní nígbà tí ọkọ̀ baba ńlá wọn dojú dé lórí ọ̀sà, òbòkún kan ni ó ń tì í lẹ́yìn títí ó fi gúnlẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọdọ̀ fi òbòkún kan ẹnu. Mo bi Ìyá Ejìnrìn rí pé kí ló dé tó fi ń tà á. Ó ní baba ńlá àwọn sọ pé kí àwọn má jẹ ẹja náà, kò sọ pé kí àwọn má jẹ èrè orí rẹ̀. Màmá mi ní tirẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbà pé gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá ni ó mọ́, ó sì máa ń ṣe àmín sí i bí wọ́n bá ń wàásù rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bu òbòkún fún un níbi ìkórè, inú á kàn ṣàdédé máa run ún.

Orúkọ mẹ́ta ni mo ń jẹ́ nínú agbo ilé kan ṣoṣo. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, tó jẹ́ Ìyá Àdínì ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò, ń pè mí ní Ràfíátù. Màmá mi ń pè mí ní Dèbórà. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá tó bí bàbá mi, mẹkáníìkì ọkọ̀ akẹ́rù tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í wọ mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì àfi bí wọ́n bá ń sìnkú, ń pè mí ní Ògúnbùnmi. Mo máa ń jẹ́ gbogbo rẹ̀. Bàbá mi, tó ń pa àgbò Iléyá, tó sì ń jẹ ìrẹsì Kérésì, kò fẹ́ wàhálà. "Ìwọ yìí" ni òun ń pè mí.

Bàbá mi fẹ́ràn láti máa sọ fún àlejò pé ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù. Èmi tí mo jẹ́ ọbẹ̀ ni mo mọ bí iná náà ṣe gbóná tó. Bí mo bá fẹ́ bu ṣúgà nínú agolo, mo ní láti kọ́kọ́ ro ti màláíkà méjì tó wà ní èjìká mi, tí Ìyá Àgbà ní wọ́n ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀. Mo ní láti ro ti Jésù, tí màmá mi ní ó ń wò mí níbikíbi. Mo sì ní láti ro ti Ògún, tí Bàbá Kékeré ní kò ní sùúrù bíi ti àwọn yòókù. Kí n tó rò ó tán, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin á ti lá ṣúgà náà tán.

Ohun tí mo bẹ̀rù jù nínú ilé náà ni sùpánà Bàbá Kékeré. Sùpánà ńlá ni, irú èyí tí wọ́n fi ń tú táyà ọkọ̀ akẹ́rù, ó gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Bí nǹkan bá sọnù, á gbé e kalẹ̀ sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo ènìyàn á sì fi ahọ́n kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní bí àwọn bá mọ̀ nípa rẹ̀, kí irin náà bá àwọn jà. Ìyá Àgbà ní ẹbọ ni. Màmá mi ní irin lásán ni. Ṣùgbọ́n mi ò rí ọ̀kan nínú wọn kó kọjá níwájú rẹ̀ láìkó ìró mọ́ra. Wọ́n ti fi Kùránì búra nílé wa rí, wọ́n ti fi Bíbélì búra, ohun tó sọnù kò jáde. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti ní àwọn máa gbé sùpánà jáde, ohun náà á ti fúnra rẹ̀ wá sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọdún náà wà lára àwọn ọdún tí ààwẹ̀ Ràmàdáánì bọ́ sínú oṣù Kérésì. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà á rántí bí bángà ṣe máa ń dún tí àwọn alááwẹ̀ bá ń ṣínu lọ́wọ́, tí àwọn baba á máa ṣépè tán kí wọ́n tó rántí pé ààwẹ̀ kò fẹ́ èpè. Màmá mi ya orí òbòkún náà sọ́tọ̀ sínú ìkòkò kékeré kan, ó dé e, ó ní bàbá mi ni yóò fi ṣínu. Lẹ́yìn náà ó lọ sọ́dọ̀ aránṣọ láti gba aṣọ pupa tí mo fẹ́ wọ̀ lọ ṣe Kérésì ní Ejìnrìn. Aránṣọ dá a dúró títí oòrùn fi rọ̀. Nígbà tó dé tó ṣí ìkòkò, kò bá nǹkan kan níbẹ̀, kò bá egungun pàápàá. Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ dì í ru ológbò, ṣùgbọ́n Bàbá Kékeré ní òun kò tíì rí ológbò tó ń dé ìkòkò padà lẹ́yìn oúnjẹ.

Bàbá mi kò bínú nítorí ẹja. Ó ní ẹni tó bá lè jẹ ohun tí alááwẹ̀ fẹ́ fi ṣínu, kò sí ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe láyé. Ó ní ẹnikẹ́ni kò ní lọ sí Ejìnrìn àfi bí ẹni tó jẹ ẹ́ bá jáde. Ayé mi dojú rú. Gbogbo Kérésì mi wà ní Ejìnrìn: ọkọ̀ ojú omi, ariwo ọjọ́ ọjà, èéfín ẹja tí kì í kúrò lára aṣọ, àti Ìyá Ejìnrìn tí kì í sọ pé rárá fún mi. Ààwẹ̀ ọmọdé, èyí tí a máa ń já lọ́sàn-án, ni mo gbà lọ́jọ́ náà, nítorí náà èmi ni gbogbo ojú kọ́kọ́ yí sí.

Lẹ́yìn ìṣínu tí ẹnikẹ́ni kò gbádùn, Bàbá Kékeré gbé sùpánà jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ahọ́n kàn án. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀lé e, wọ́n sì yára bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ẹnikẹ́ni kò wo ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà. Ta ni yóò gbé sùpánà dé iwájú Ìyá Àdínì nínú oṣù Ràmàdáánì? Ó jókòó sórí ẹní rẹ̀, ó ń fa tẹ̀sùbáà, àwọn ìlẹ̀kẹ̀ náà sì ń sáré ju bí wọ́n ṣe máa ń sáré lọ.

Ó wá kàn mí. Mo kúnlẹ̀, mo yọ ahọ́n, ni mo bá rántí ìwé ìròyìn. Mi ò jẹ orí ẹja. Ṣùgbọ́n ẹni tó lá ìwé tí wọ́n fi wé ẹja, ṣé ó lè ní òun kò mọ̀ nípa ẹja? Mo gbà pé màláíkà Ìyá Àgbà á ti kọ òtítọ́ sílẹ̀, mo sì gbà pé Jésù màmá mi á dárí jì mí. Kò kàn dá mi lójú pé Ògún á fara balẹ̀ gbọ́ àlàyé ìwé ìròyìn. Mo fa ahọ́n mi padà. Gbogbo ilé rí i. Bàbá mi mí kanlẹ̀, ó ní, "Ìwọ yìí." Mo bú sẹ́kún, nítorí mo ti rí Ejìnrìn tó ń lọ.

Ibẹ̀ ni màmá mi ti sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ fi ọmọ sílẹ̀. Èmi ni mo jẹ ẹ́."

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú agbo ilé náà pé òbòkún ni èèwọ̀ wọn, àwọn ọmọ ayálégbé pàápàá mọ̀. Obìnrin tó fi pankẹ́rẹ́ kọ́ mi pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, òun náà ló dúró síbẹ̀ tó ń pa irọ́ tí òtítọ́ kò tilẹ̀ ní sáré kó tó bá. Bàbá Kékeré wò ó. Ó tún wo tẹ̀sùbáà Ìyá Àgbà, tó ti dúró sójú kan. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fi bo sùpánà náà mọ́lẹ̀, ó ní Ògún ti sùn, ọ̀rọ̀ ti parí, kí kálukú máa lọ.

"Ẹ ṣí fìlà yẹn kúrò, ọkọ mi," ni Ìyá Àgbà wí fún un. "Èmi ni mo jẹ orí ẹja. Ìyàwó mi yìí kò mọ adùn rẹ̀ rí."

Ó jókòó, ó sọ gbogbo rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún un kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pé ìtọ̀ ṣúgà tó ń ṣe é kò ní jẹ́ kó lè gbààwẹ̀, pé oògùn tó ń lò kò gbọdọ̀ bá inú òfìfo. Kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní Ọlọ́run mọ̀ nípa rẹ̀, òun kò bẹ̀rù Ọlọ́run lórí èyí, àwọn obìnrin tó ń tò sẹ́yìn òun ní mọ́ṣáláṣí ni òun ń bẹ̀rù. Màmá mi nìkan ló mọ̀, òun ló ń gbé ẹ̀kọ àti àkàrà sí ẹ̀yìn kọ́tìnì yàrá tirẹ̀ fún un lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ tí aránṣọ dá màmá mi dúró, òòyì kọ́ Ìyá Àgbà, ó wọ ilé ìdáná. Ó ní ẹ̀kọ ni òun ń wá, orí ẹja ni òun rí.

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá rẹ̀, omi wà lójú rẹ̀. Bàbá Kékeré ní ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀ kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ún mọ́, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá mi pé kò tà wá. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n pe ààfáà, òun náà sì bínú sí Ìyá Àgbà nítorí pé ó tilẹ̀ ń gbìyànjú láti gbààwẹ̀. Ó ní Ọlọ́run kò di ẹrù náà lé aláìsàn lórí, kí ó máa fún aláìní lóúnjẹ dípò rẹ̀. Èmi ni aláìní àkọ́kọ́ tí Ìyá Àgbà rí, mi ò sì jiyàn.

A lọ sí Ejìnrìn. Nínú ọkọ̀ ojú omi, pẹ̀lú aṣọ pupa mi, mo bi màmá mi bóyá irọ́ tó pa kì í ṣe irọ́.

"Irọ́ ni," ó ní. "Mo ti bẹ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi ni ìtìjú ń bọ̀ wá bá, Dèbórà, kì í ṣe ẹja."

Ìyá Ejìnrìn ní tirẹ̀ kò bínú sí irọ́ rárá. Ohun tó dùn ún ni pé ọmọ òun fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun jẹ òbòkún. Ó fa akọrin ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí etí ọ̀sà láti lọ tọrọ àforíjì. Màmá mi ní Jésù ti san gbogbo rẹ̀. Ìyá Ejìnrìn ní òun kò bá Jésù jà, ṣùgbọ́n kì í ṣe Jésù ni ó ti baba ńlá àwọn gúnlẹ̀. Màmá mi bu omi ọ̀sà, ó fi yọ ẹnu, ó sì kọ orin ìyìn kan kí ó má baà di ìbọ̀rìṣà.

Ìyá Àgbà ti lọ, Bàbá Kékeré náà ti lọ. Ó ní èmi ni kí wọ́n fún ní sùpánà òun, nítorí èmi nìkan ni mo bẹ̀rù rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó wà lójú fèrèsé ilé ìdáná mi ní Ìgbògbò báyìí, mo ń sọ fún àlejò pé mo fi ń ti fèrèsé ni. Ọ̀dọ̀ mi ni màmá mi ń gbé. Lọ́dún yìí, ààwẹ̀ Ràmàdáánì àti ti Lẹ́ńtì wọnú ara wọn, ìtọ̀ ṣúgà sì ti kan òun náà. Kò fẹ́ kí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ gbọ́ pé òun kò lè gbààwẹ̀ mọ́. Mo ń gbé oúnjẹ sí ẹ̀yìn kọ́tìnì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọbìnrin mi dúró níwájú fìríìjì, ó béèrè ẹni tó jẹ mọ́ínmọ́ín tó kù. Ó ní bàbá òun wà níbi iṣẹ́, màmá àgbà ń gbààwẹ̀, ó sì mọ̀ pé ẹ̀wà kì í bá èmi lára mu. Ó wá dúró, ó ń wo ẹnu mi.

Mo rántí ọmọ tí mo jẹ́, tí kò lè fi ahọ́n kan irin nítorí ìwé ìròyìn lásán. Ọmọ yẹn ìbá ti sọ òtítọ́, ìbá sì ti kó ìtìjú bá arúgbó nínú ilé. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó bá mi dá sí ọ̀rọ̀ mọ́ínmọ́ín. Mo ní èmi ni mo jẹ ẹ́, ojú mi kò sì yẹ̀ lójú ọmọ mi. Kí n tó sọ ọ́ ṣá, mo kọ́kọ́ tú ìborùn mi, mo fi bo sùpánà náà mọ́lẹ̀ dáadáa.