Joya Tó Ta Ọmọ Rẹ̀

Àgbàlá kan náà la jọ ń gbé ní Monastir, àwa ìdílé Júù mẹ́fà tí a yí kànga kan ká, kí ogun tó tú wa ká. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ojú mi ló sì ṣe.

Joya, ìyàwó Avram tó ń kiri aṣọ lọ sáwọn abúlé, ti sin ọmọ mẹ́ta. Estreya ni ìkẹrin tó bí, òun nìkan ló kù. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rin, ibà dá a dùbúlẹ̀, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Ó wá ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀ yàrá, níbi tí a kò ti rí ẹnikẹ́ni.

Rika ló wá bá Joya. Àgbà obìnrin ni, ẹnu rẹ̀ mú, ó bí méje, ọ̀kan ò sì kú nínú wọn.

"Tà á fún mi," ló wí.

"Ẹ ní kí ni?"

"Ṣé etí ẹ di ni? Ikú ti mọ ọ̀nà ilé ẹ, kò mọ tèmi. Tà á fún mi, kí n yí orúkọ ẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n tó o bá ti tà á, o tà á nìyẹn o. O ò gbọdọ̀ pè é lọ́mọ ẹ mọ́ títí tó fi máa relé ọkọ."

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá ìyá wa ti ń ṣe é. Joya gbé ọmọ náà gba ojú fèrèsé, Rika gbà á, ó sì ju owó fàdákà kan sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Merkada lọmọ ń jẹ́, ìyẹn ẹni tí a rà. Ní ọjọ́ kẹta, ibà náà lọ.

Ẹnu ọ̀nà Rika kọjú sí ti Joya. Ojoojúmọ́ ni Joya ń wo ọmọ rẹ̀ tó ń lé adìyẹ kiri, tó ń pe ẹlòmíràn ní màmá, tó ń pe òun ní "Àǹtí Joya". Joya a máa dá a lóhùn, a sì máa rẹ́rìn-ín sí i.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, àwọn obìnrin yòókù ti gbé oúnjẹ Sábáàtì lọ sílé ààrò àdúgbò. Èmi àti Joya ń ha ìkòkò nídìí kànga. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, gbogbo àgbàlá di ẹrẹ̀. Obìnrin kan yà wọlé, ó wé gèlè bíi tiwa, bàtà rẹ̀ sì mọ́ tónítóní.

"Ẹ kú ilé o. Estreya ọmọ Joya ni mo ń wá."

Ọwọ́ Joya dúró lórí ìkòkò. "Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí."

"Ìwọ kọ́ ni Joya?"

"Èmi ni. Èmi ò lọ́mọ."

Merkada jókòó sẹ́nu ọ̀nà Rika, ó ń jẹ ẹyin. Ó gbójú sókè. Obìnrin náà wò ó títí.

"Ta ló ni èyí?"

"Rika ló ni ín."

Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Mo bu omi fún un, ó gbé ife náà sẹ́nu, ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò. Nígbà tó dá a padà fún mi, ó ṣì kún dẹ́nu.

"Wọ́n ní Estreya kan wà," ó wí. "Mi ò lè padà lọ́wọ́ òfo."

"Ẹ lọ wò ó níwájú," ni Joya wí, kó ṣáà lè lọ.

Obìnrin náà dúpẹ́, ó jáde. Mo sáré tẹ̀ lé e. Òpópónà wa gùn, ó sì tọ́ gbọọrọ dé etí odò Dragor. Mi ò rí ẹnì kankan.

Kí a tó tan àbẹ́là ìrọ̀lẹ́ la gbọ́ igbe láti etí odò. Ọmọ Luna, ìyàwó aránfìlà, tí ikọ́ lásán ò ṣe, sùn lọ́sàn-án, kò jí. Estreya lorúkọ rẹ̀.

Láàárọ̀ gbogbo ọjọ́ méje ọ̀fọ̀, yàtọ̀ sí ọjọ́ Sábáàtì, Joya gbé búrẹ́dì àti ẹyin lọ, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Luna. Nígbà tí ọjọ́ méje pé tí Luna kọ̀ tí kò dìde nílẹ̀, Joya ṣì ń lọ síbẹ̀. Ó ń bá a ya irun.

"Dìde, ká lọ fọṣọ. Ìdọ̀tí ò mọ̀ pé à ń sunkún."

Àwọn ará àdúgbò ń yìn ín. Tí ojú èmi àti Joya bá ṣe mẹ́rin, ó máa ń yí tirẹ̀ kúrò.

Ó tó ọdún kan kó tó jẹ́wọ́ fún Luna pé òun ló ní kí obìnrin náà lọ wò ó níwájú. Èmi ni mo ń bá wọn na òwú irun àgùntàn lọ́jọ́ náà. Luna ń ká òwú náà títí tó fi tán lọ́wọ́ mi.

"Ká ní ẹnu ọ̀nà mi ló kọ́kọ́ yà sí ni," ó wí níkẹyìn, "ilé ẹ gan-an ni ǹ bá júwe fún un." Ó mí kanlẹ̀. "Má sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ má wá lọ́la."

Joya lọ lọ́jọ́ kejì, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀. Luna bí ọkùnrin méjì lẹ́yìn náà. Merkada fẹ́ alágbẹ̀dẹ kan ní Skopje, Rika sì dá a padà fún ìyá rẹ̀ láàárọ̀ ìgbéyàwó.

Nígbà tí ọmọ tèmi kú, Joya ti darúgbó, ọ̀pá ló fi wá. Mo ní kó sọ fún mi pé ìbànújẹ́ náà yóò tán.

"Kò ní í tán," ó wí. "Jẹ búrẹ́dì yìí. Lẹ́yìn náà, gbé ọmọ ẹ tó kù wá, ká wẹ̀ fún un. Ọrùn ẹ̀ ti dọ̀tí."