Wákàtí Méjì Kì Í Ṣe Ogójì

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Nélida Choquehuanca fi gún àwọn ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ilé ìwòsàn kan ní ìlú Arequipa, lórílẹ̀-èdè Peru. Orin ló fi ń tan ọmọ. Kí ọmọ tó fura, abẹ́rẹ́ ti wọlé, ó ti jáde. Iṣẹ́ tó mọ̀ nìyẹn. Nígbà tí Kòrónà dé, tí aláìsàn kún dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ògiri pẹ̀lú ti nọ́ọ̀sì mọ́kànlá mìíràn: láti ọjọ́ Ajé, ọ̀dọ̀ àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí ni kí wọ́n lọ.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún wọn kò ju wákàtí méjì lọ. Dókítà Bustíos, ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn, ń fi àwòrán hàn wọ́n lára ògiri, ó sì ń wo aago.

Nélida nawọ́. "Dókítà, ẹ̀rọ yẹn gan-an ńkọ́? Ẹ ò ní jẹ́ ká fọwọ́ kàn án?"

"Ẹ̀rọ ò tó. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lẹ́nu iṣẹ́. Ṣebí nọ́ọ̀sì ni yín?"

"Ẹni tó bá ti mọ kẹ̀kẹ́ gùn ti mọ ọkọ̀ òfuurufú wà nìyẹn!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ajé, aláìsàn mẹ́rin ni wọ́n kó lé Nélida lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Hilario Ticona, bàbá tó ń ṣe búrẹ́dì onígun mẹ́ta tí àdúgbò fi ń jẹ ọbẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Lọ́sàn-án, ẹ̀rọ bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Nélida tẹ ibì kan, ó dákẹ́. Ó tún ké. Nélida pariwo pe Eufemia, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo níbẹ̀ tó mọ iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Eufemia wà láyà ẹlòmíràn, ó ń tẹ̀ ẹ́ kí ọkàn rẹ̀ lè padà máa lù. Ìgbà tó fi máa sáré dé, bàbá ti lọ.

"Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló dí rọ́bà ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀," Eufemia wí. "Ká fà á jáde ni. Kò gba ìṣẹ́jú kan."

"Ẹnikẹ́ni ò fi hàn mí, ẹ̀gbọ́n."

"Mo mọ̀, àbúrò mi. Mo mọ̀."

Nélida kò sunkún. Inú ló ń bí i.

Lọ́jọ́ kejì, Bustíos pe àwọn méjèèjìlá jọ, ó pín ìwé fún wọn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé olúkúlùkù ti gba ẹ̀kọ́ ogójì wákàtí.

"Dókítà, níbo la ti kọ́ méjìdínlógójì tó kù?" Nélida bèèrè.

"Ìwé lásán ni. Ìjọba ló bèèrè rẹ̀. Fọwọ́ sí i."

"Ìwé lásán kẹ̀? Kí n fọwọ́ sí i pé wọ́n kọ́ mi, kí ikú bàbá oníbúrẹ́dì wá di ẹ̀bi mi?"

"Mo lè dá ọ dúró lónìí olónìí!"

"Ẹ dá mi dúró! Kẹ́ ẹ wá gbé aṣọ mi wọ̀, kẹ́ ẹ lọ dúró tì wọ́n níbẹ̀!"

Ó mú báírò, ó fa ìlà gàdàgbà kọjá lórí ogójì, ó kọ méjì, ó wá fọwọ́ sí i. Wilber, àgbàlagbà nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú olójú dídùn tẹ́lẹ̀, gba báírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ẹni tó tẹ̀ lé e gbà á. Báyìí ni báírò kan yí gbogbo wọn ká.

Ọ̀gá kò lè fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba, ó di dandan kó jẹ́ kí wọ́n kọ́ wọn ní ti gidi. Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, ẹ̀rọ kan ti dé yàrá òfìfo, Eufemia sì ní òwúrọ̀ mẹ́ta láti kọ́ wọn. Ó so ìbọ̀wọ́ mọ́ ẹnu ẹ̀rọ bí ẹ̀dọ̀fóró, á fún rọ́bà pa, ẹ̀rọ á sì ké. "Kí ló ń wí? Ẹ dá mi lóhùn! Aláìsàn yín ń kú!" Ẹni tó bá ṣì í, Eufemia á gbá a lọ́wọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Nélida ti ń mọ igbe kan yàtọ̀ sí èkejì.

Síbẹ̀, wọ́n fún un ní ìwé ìkìlọ̀ nítorí àfojúdi, odindi ọdún kan ni wọn kò sì fi jẹ́ kó padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tó yá, ọmọbìnrin Hilario wá a wá.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló pa bàbá mi gan-an?"

Nélida lè sọ pé Kòrónà ni. Kò sọ bẹ́ẹ̀. "Rọ́bà rẹ̀ dí, mi ò sì mọ ohun tí mo lè ṣe sí i. Wọn ò kọ́ mi."

Ọmọ náà fa ìwé àti báírò yọ nínú àpò rẹ̀. "Ta ló yẹ kó kọ́ yín?"

Nélida pe orúkọ ọ̀gá náà fún un, ó sì dúró tì í títí ó fi kọ ọ́ sílẹ̀ tán.