Ojú-Ìwé Kẹtàdínlógójì

Ẹ má bi mí bóyá mo fẹ́ràn Jàfárù o. Ọdún mọ́kànlá la fi jọ ṣiṣẹ́ ní láìbírì kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nítòsí Egan, ọdún mọ́kànlá náà la fi jà. Èmi Matilda ni mò ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níwèé ní kàǹtà. Òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ fotokọ́pì tó wà lẹ́yìn mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, kì í pariwo, kì í sáré. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tó jẹ́, ẹ gbé odindi ìwé lọ bá a, kẹ́ ẹ ní kó bá yín ṣe fotokọ́pì gbogbo rẹ̀.

"Ṣápítà kan péré," ni yóò sọ. "Òfin ò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á bẹ̀ ẹ́, wọ́n á bú u, wọ́n á ní ìwé náà ò sí lọ́jà mọ́. Jàfárù á kàn nàka sí bébà tó lẹ̀ mọ́ ògiri, tí wọ́n fi ṣàlàyé òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé fún wa: ẹ lè ṣe díẹ̀ fún ẹ̀kọ́, ẹ má ṣe odindi, ẹ má tà á. Ṣápítà Kan ni wọ́n sọ ọ́. Èmi náà a máa bá a jà. "Jàfárù, ṣé ìwọ lo kọ ìwé náà ni? Ọmọ ọlọ́mọ ń bẹ̀ ọ́, o le ojú koko!" Á ní, "Ẹ má bínú, Mọ́mì. Ẹni tó kọ ọ́ ò sí níbí kó lè gbẹnu sọ fún ara rẹ̀ ni." Èèyàn líle, jàre.

Ohun kan wà tí mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Láìbírì wa ní ojú-ìwé àṣírí. Bí ìwé tuntun bá dé, a ó lu òǹtẹ̀ sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, a ó tún wá lu ọ̀kan sí ìsàlẹ̀ ojú-ìwé kẹtàdínlógójì. Bí olè bá ya iwájú àti ẹ̀yìn dànù, ìyẹn á ṣì wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ nìkan ló mọ nọ́ńbà yẹn. Bí fotokọ́pì bá wá kan ojú-ìwé náà, Jàfárù á mú bébà funfun pẹlẹbẹ kan tó fi sórí ẹ̀rọ, á fi bo òǹtẹ̀ kó tó da ìwé dojú bo gíláàsì. Kò jẹ́ gbàgbé, bó ti wù kí èrò pọ̀ tó. "Àṣírí wa ni, Mọ́mì," á wí bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Àṣírí kọ́, àṣàrò ni." Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi.

Ní Túsìdeè kan nínú oṣù kẹta, aago mẹ́wàá àárọ̀, obìnrin kan wọlé tòun ti ọlọ́pàá méjì. Ó ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ àwọn òǹkọ̀wé lòun ti wá. Ó gbé ìwé kan lé kàǹtà mi. Ìwé ńlá tí àwọn nọ́ọ̀sì ń kà ni. Ẹyọ kan la ní, irú èyí tí kò gbọdọ̀ jáde ní láìbírì rárá. Ṣùgbọ́n ayédèrú lèyí. Ó ní igba irú rẹ̀ làwọn ká mọ́ àwọn tó ń tà á lọ́wọ́ ní Ìkọ̀tún, bẹ́ẹ̀ ẹni tó kọ ọ́ ò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Ó ṣí i sí ojú-ìwé kẹtàdínlógójì. Òǹtẹ̀ wa ló wà nísàlẹ̀ yẹn roboto, orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì hàn gbangba.

Mo di kàǹtà mú.

"Ta ló ń ṣe fotokọ́pì níbí?"

"Èmi ni, mà," ni Jàfárù wí.

"Ìwọ lo ṣe èyí?"

"Rárá, mà."

"Ta wá ni?"

Jàfárù wò mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló wò mí, ó sì wolẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo mọ̀. Oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ yẹn, ní Fúráìdè kan, Godswill, ọmọ ìjọ wa, wá bá mi ní kàǹtà. Tààrà láti ibi ìsìn ló ti wá, sùtánà rẹ̀ funfun báláú, kò wọ bàtà. Ó ní ìyàwó òun ń ṣe ìdánwò nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí n ṣàánú òun, kí n jẹ́ kó fi ìwé yẹn kàwé ní òpin ọ̀sẹ̀. Ta ni yóò fura sí ẹni tó wọ aṣọ Olúwa? Jàfárù ń kírun Àlàásárì lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀fù. Mo yára ti ìwé náà bọ inú báàgì Godswill. Ó dá a padà lọ́jọ́ Mọ́ńdè lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀yìn ìwé ti tú. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, mo panu mọ́. Láti ìgbà náà, a ò rí Godswill ní ìsìn mọ́.

Gbogbo rẹ̀ wá yé mi níbi tí mo dúró sí. Ìfẹ̀yìntì mi sì ku oṣù mẹ́ta! Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń jókòó sẹ́yìn kàǹtà yẹn. Mo sọ fún ara mi pé, Matilda, má fọwọ́ ara ẹ ba tara ẹ jẹ́. Bóyá wọ́n á fi Jàfárù sílẹ̀.

Wọn ò fi í sílẹ̀. Ọ̀gá wa, Ayọ̀, bẹ obìnrin náà títí, kò gbà. Ó ní àwọn máa gbé ẹ̀rọ, àwọn á sì mú ẹni tó ń lò ó, kó lọ sọ tẹnu rẹ̀ ní tẹ́ṣàn. Bó bá dé kọ́ọ̀tù, ẹ̀wọ̀n lè wọ̀ ọ́. Jàfárù yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó fi lé Ayọ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi pe Mọ̀dínátù ìyàwó mi. Kó lọ mú àwọn ọmọ nílé ìwé ní Ìdímù. Kó má sọ fún wọn."

Ẹnu mi tí kì í dákẹ́ lójoojúmọ́ kọ̀, kò là. Ọlọ́pàá fa wáyà ẹ̀rọ yọ, wọ́n mi ẹ̀rọ náà, bébà funfun pẹlẹbẹ yẹn sì já bọ́ síwájú ẹsẹ̀ mi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú un.

"Kì í ṣe òun!"

Ariwo tí mo pa ba èmi alára lẹ́rù. Obìnrin náà yíjú sí mi. "Ẹ̀rí wo lẹ ní, mà?"

Mo fi bébà náà hàn án, mo sọ ohun tí Jàfárù máa ń fi í ṣe. Kò gbà mí gbọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Hephzibah, tó ti bú Jàfárù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nítorí ṣápítà kan, ló dìde. Ó mú fotokọ́pì ìwé mìíràn tí Jàfárù ṣe fún un wá. A ṣí i sí ojú-ìwé kẹtàdínlógójì. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ funfun, kò sí òǹtẹ̀. A gbé ìwé náà gan-an wá, òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀.

Obìnrin náà wo bébà, ó wò mí. "Ta wá ló gbé ìwé àwọn nọ́ọ̀sì jáde?"

"Mọ́mì, ẹ má..." ni Jàfárù bẹ̀rẹ̀.

"Panu mọ́ jàre, Jàfárù!" Mo kojú obìnrin náà. "Èmi ni. Èmi ni mo gbé e jáde."

Èmi ni mo bá wọn lọ sí tẹ́ṣàn lọ́jọ́ náà. Wọ́n fi mí sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, wọ́n sì rí Godswill mú ní Ẹ̀gbẹ́dá lọ́jọ́ kẹta. Kọ́lẹ́ẹ̀jì fún mi ní lẹ́tà, wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Kò sí ìdágbére, kò sí fọ́tò. Ó dùn mí, n ò ní purọ́. Ó ṣì ń dùn mí.

Lóṣù tó kọjá ni mo tó lè padà wọ ibẹ̀, bí àlejò. Mo gbé ìwé kan lọ bá Jàfárù, mo ní kó ṣe gbogbo rẹ̀ fún mi.

"Ṣápítà kan péré, Mọ́mì."

"Orí ẹ ò pé! Èmi náà?"

Ó ń ṣí ìwé. Mo wá bi í léèrè ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. "Jàfárù, o rí mi lọ́jọ́ Fúráìdè yẹn, àbí?"

"Mo ti kírun tán, mà. Mo rí yín."

"Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀? Wọ́n ti fẹ́ mú ọ lọ!"

Ó fi bébà funfun bo òǹtẹ̀, ó da ìwé dojú bo gíláàsì.

"Mò ń dúró dè yín ni, Mọ́mì."