Alágbàfọ̀ Tó Gbálẹ̀ Ìdí Igi Rẹ̀

Alágbàfọ̀ ni. Afínjú ni wọ́n ń pè é ládùúgbò, orúkọ náà sì bá a mu. Bí ewé kan bá já sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kò lè rìn kọjá. Á bẹ̀rẹ̀, á ṣà á. Bó bá ṣe àlejò rẹ, tí o gbé àga fún un, á kọ́kọ́ nù ún kó tó jókòó, á wá dúpẹ́ pé o fún òun ní àga. Ìyàwó rẹ̀ máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní bí òun bá jókòó pẹ́ jù, ọkọ òun á gbá òun mọ́ pàǹtí.

Ìyàwó náà ti kú. Ó di ọdún kan àti oṣù méjì. Àìsàn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Kò fi ọmọ sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló fi sílẹ̀, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn nínú ilé náà, àti igi mẹ́rin tó gbìn sẹ́yìnkùlé nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó débẹ̀. Inú agolo mílíìkì ló ti hù wọ́n. Ó tò wọ́n sójú ìlà kan, ìṣísẹ̀ méjì sí òkúta ààlà, kí ọkọ rẹ̀ lè rí ibi so okùn ìsáṣọ mọ́.

Igi dàgbà. Okùn mẹ́fà ló wà láàárín wọn. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ṣẹ́ẹ̀tì òṣìṣẹ́, kọ́tìnnì, gbogbo rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ níbẹ̀. Oòrùn àárọ̀ ń gbẹ ẹ́, ibòòji ọ̀sán ń dáàbò bò ó. Aṣọ aláwọ̀ kì í ṣá lọ́dọ̀ Afínjú. Ohun tí àwọn oníbàárà fi ń wá a nìyẹn.

Ẹni tó wà lódì kejì ààlà ni Baba Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Òun nìkan ló kọ́ ilé alájà ní òpópónà yẹn, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ó ti ráhùn lẹ́ẹ̀mejì pé ewé igi ń dí gọ́tà òrùlé òun. Afínjú gbé àkàbà, ó gùn ún, ó kó ewé náà, ó tún fọ gọ́tà. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó mú ìyá ìyàwó rẹ̀ lọ sí ọsibítù, kí wọ́n bá a wo ojú rẹ̀. Ọ̀sán ni wọ́n tó dé. Wọ́n yọ sẹ́yìnkùlé, ojú ọ̀run ṣí sílẹ̀ gbayawu bí orí tí wọ́n fá. Igi kankan ò dúró mọ́. Ìdí mẹ́rin ló kù nílẹ̀, funfun báláú, omi ń sun lára wọn. Okùn ti já. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì mọ́kànlá ti wọ́ sínú ìyẹ̀fun igi. Ìtì igi ti wà lọ́dọ̀ Baba Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n tò ó ti ògiri.

Kí ni Afínjú ṣe? Kò pariwo. Kò kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Ó mú ìgbálẹ̀.

Ó gbá ìyẹ̀fun igi. Ó ṣa ẹ̀ka wẹ́wẹ́. Ó ká okùn. Ó tún aṣọ mọ́kànlá náà fọ̀. Ó wá pọn omi, ó fọ ìdí igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó nù wọ́n gbẹ. Ìyá ìyàwó rẹ̀ dúró lójú fèrèsé, ó ń wò ó.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyá sọ̀rọ̀.

“Ọkọ ọmọ mi.”

“Màmá.”

“Ṣé ìwọ lo ní kí wọ́n gé e?”

“Rárá, Màmá.”

“Mi ò rí ìbínú lójú ẹ. Wọ́n gé igi ẹni, èèyàn wá ń nu ìdí ẹ̀ bí abọ́.”

Afínjú dìde, ó kó abọ́, ó lọ fọ̀ ọ́. Ìyẹn gan-an ló tún ba ọ̀rọ̀ jẹ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ tí ìyá sọ yìí dùn ún ju igi lọ. Igi ti lọ, kò ní í padà. Àmọ́ bí ìyá yìí bá gbà pé òun ló fọwọ́ sí i, báwo làwọn méjèèjì ṣe fẹ́ máa gbé inú ilé kan náà? Àwọn méjèèjì nìkan ló ń rántí olóògbé lójoojúmọ́. Ohun tó ń wá látìgbà náà kò ju ẹyọ kan lọ: kí ìyá yẹn mọ̀ pé òun ò yọ̀ǹda igi ọmọ rẹ̀.

Láàárọ̀, ó lọ sọ́dọ̀ Baba Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

“Ẹ káàárọ̀, sà.”

“Afínjú. Ṣé o rí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe wọlé? Ilé tìẹ náà ti tàn.”

“Sà, ta ló yọ̀ǹda igi yẹn fún yín?”

“Àbí o rò pé mi ò rí ọ lánàá? Mo wà lókè. O gbálẹ̀, o fọ ìdí igi. Ẹni tí inú ń bí kì í gbálẹ̀. O ti gbà, ọ̀rẹ́ mi. Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

Àwọn ará àdúgbò náà ní kó fi sílẹ̀. Wọ́n ní a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Nọ́ọ̀sì kan tí Afínjú ń bá fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló sọ ohun mìíràn. Ó júwe ọ́fíìsì kan fún un, níbi tí àwọn lọ́yà ti ń ran mẹ̀kúnnù lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀dọ́bìnrin ni lọ́yà tó bá níbẹ̀. Fáìlì kún orí tábìlì rẹ̀ dé àgbọ̀n. Kí obìnrin náà tó rí bírò, Afínjú ti to òkìtì fáìlì kan gún régé.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má tò ó. Bó ṣe rí yẹn ni mo ṣe mọ ibi tí nǹkan wà.”

Ó yọ ọwọ́. Lọ́yà bi í bóyá ó ní ìwé ilẹ̀. Ó ní. Ó bi í bóyá ó ya fọ́tò.

“Mo ti gbá a,” ni Afínjú wí.

“Ẹ gbá kí ni?”

“Gbogbo ẹ̀.”

“Ìdí igi ńkọ́?”

“Ó wà níbẹ̀. Mo kàn fọ̀ ọ́ ni.”

Lọ́yà fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó sọ ọ́ kalẹ̀, ojú rẹ̀ ti padà sípò. “Ó dáa tí ẹ ò hú u. Ẹ gbọ́. Ẹ̀ka tó bá yọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ó lè gé e dé ojú ààlà. Kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Igi tí ìdí rẹ̀ bá wà nínú ilẹ̀ yín, tiyín ni, àfi tí ẹ bá yọ̀ǹda ẹ̀. Ẹni tó ránni níṣẹ́ àti ẹni tó jẹ́ iṣẹ́ náà, àwọn méjèèjì ló máa dáhùn.”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àyà Afínjú fúyẹ́. Ó ti rò pé òun ni òfin máa bá wí.

Lọ́yà kọ lẹ́tà sí Baba Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó kọ òmíràn sí agégi tó gé igi náà. Awọnlẹ̀ wá, ó gbé irinṣẹ́ rẹ̀ ka orí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó wá òkúta ààlà kàn, ó wọn ibẹ̀ síwá sẹ́yìn. Ìdí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, inú ilẹ̀ Afínjú ni wọ́n bọ́ sí, láìsí àríyànjiyàn. Nígbà tí Baba Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gbọ́ ìyẹn, ó yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ní òun gbà pé igi Afínjú ni. Afínjú ló fi ẹnu ara rẹ̀ yọ̀ǹda rẹ̀.

Oṣù márùn-ún kọjá. Aṣọ ń gbẹ lórí ògiri àti lẹ́yìn àga. Àwọn oníbàárà kan ti lọ. Ìyá kò bá a jà. Ó ń gbé oúnjẹ fún un, ó ń kí i, kò kàn pè é ní ọkọ ọmọ mi mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, ó wé gèlè, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Mo ń bá ẹ lọ. Mo fẹ́ fi etí ara mi gbọ́ ọ.”

Yàrá kóòtù kò tóbi. Fáànù kan ń yí, ó ń dún bí àgbàlagbà tó ń wúkọ́. Adájọ́ jẹ́ obìnrin, ó wọ awò. Wọ́n pe Afínjú sínú àpótí ẹlẹ́rìí. Lọ́yà Baba Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dìde.

“Ṣé òótọ́ ni pé ẹ gbálẹ̀ lọ́jọ́ náà?”

“Òótọ́ ni.”

“Ẹ fọ ìdí igi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ẹ pe ọlọ́pàá?”

“Rárá.”

“Ẹ pariwo sí ẹnikẹ́ni?”

“Rárá.”

“Kí wá lẹ ṣe lọ́jọ́ náà, tó fi hàn pé ẹ ò fẹ́?”

Adájọ́ ń wo ọwọ́ Afínjú.

“Ọ̀gbẹ́ni, kí lẹ̀ ń nù níbẹ̀ yẹn?”

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Áńkáṣíìfù ló mú dání. Ó ti nu igi iwájú àpótí náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

“Eruku ni, Olúwa mi. Ẹ má bínú.”

Ẹ̀rín sọ. Adájọ́ ò rẹ́rìn-ín. “Kí ló dé tí ẹ fi gbálẹ̀ lọ́jọ́ náà?”

Afínjú ká áńkáṣíìfù náà. “Mi ò mọ nǹkan mìíràn tí mo lè ṣe, Olúwa mi. Lọ́jọ́ tí ìyàwó mi kú náà, ilẹ̀ ni mo gbá.”

Ohùn kan jáde látorí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn.

“Òótọ́ ló sọ. Wọ́n gbé ọmọ mi jáde tán, ó nu ilẹ̀ yàrá yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wà níbẹ̀. Mo gbàgbé ni.”

“Màmá, ẹ jókòó,” ni adájọ́ wí. Kò jágbe mọ́ ọn.

Afínjú di igi àpótí mú. Ọ̀rọ̀ tó kù kò fi bẹ́ẹ̀ bà á lẹ́rù mọ́.

Wọ́n pe agégi. Òun náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan òun, kò sì fẹ́ gba ẹ̀bi ẹlẹ́bi. Ó ní Baba Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ní kí òun tètè parí kó tó di ọ̀sán, torí àwọn tó ni ín lọ sí ọsibítù, wọn ò ní í pẹ́ dé.

“Bí wọ́n bá ti yọ̀ǹda ẹ̀ fún un, kí ló wá ń sáré fún?” ni adájọ́ bi í.

Agégi ní òun náà bi ara òun bẹ́ẹ̀ nígbà tí òun délé.

Adájọ́ ní kí Baba Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dá ìtì igi padà. Kó gbin igi mẹ́rin tó ti ga tó èèyàn, kó máa bomi rin wọ́n títí wọ́n á fi fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kó ri òpó irin mẹ́rin mọ́lẹ̀ fún okùn ìsáṣọ, kó sì san owó iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ Afínjú. Kó má tún fi ẹsẹ̀ kan ààlà láìgbàṣẹ. Agégi gba ìkìlọ̀, wọ́n ní kó máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni igi.

Ìyá àti Afínjú fẹsẹ̀ rìn délé. Afínjú ń mí bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ lórí.

“Ọkọ ọmọ mi.”

“Màmá.”

“Má bínú sí mi. Oṣù márùn-ún ni mo fi ń wò ẹ́ bí ẹni ń wo olè.”

“Ẹ ò kúkú jẹ́ kí ebi pa olè náà.”

Ìyá rẹ́rìn-ín. Bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń rẹ́rìn-ín gan-an ni. Afínjú wo ilẹ̀ títí ìyá fi rẹ́rìn-ín tán.

Wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbin igi. Igi tuntun kì í ṣe èyí tí ìyàwó rẹ̀ gbìn, Afínjú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ojú ìlà kan náà ni wọ́n wà, ìyá ìyàwó rẹ̀ ló sì dúró tì wọ́n, tó ń sọ ibi tí wọ́n máa gbẹ́ ihò sí. Wọ́n tún ta okùn mẹ́fà. Àwọn oníbàárà tó lọ bẹ̀rẹ̀ sí í padà.

Lọ́jọ́ kan, ó ń sá aṣọ, Baba Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yọ lódì kejì ààlà. Ó gbé ìdì aṣọ dání.

“Afínjú. Ṣé o ṣì ń fọṣọ fún èèyàn?”

“Mò ń fọ̀ ọ́, sà.”

Ó na ẹrù náà sókè orí òkúta ààlà. Afínjú ò gbà á. Kò sì bínú.

“Ẹ gba ẹnu ọ̀nà iwájú wá, sà. Màmá wà níbẹ̀. Wọ́n á ṣílẹ̀kùn fún yín.”