Wáyà Kan Ṣoṣo ní Mọ́ṣáláṣí Wa

Nígbà tí mo ra mọ́tò oníná mi, mo rò pé mo ti gbọ́n. Àlòkù ni. Ẹni tó tà á fún mi dúró síwájú ilé ara rẹ̀, ó ń ka oore mọ́tò náà: kì í mu epo, kì í pariwo. Kò sọ pé ilé ẹni ni wọ́n ti ń fún un ní iná. Èmi náà kò bi í. Òkè kejì ni ilé tí mo háyà ní Dallas wà. Mo fa wáyà láti ojú fèrèsé sọ̀kalẹ̀ sínú mọ́tò, ni máníjà ilé náà bá fi lẹ́tà há ẹnu ọ̀nà mi pé kí n ká a kúrò. Mo ká a.

Ìlú Little Elm ni mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Bọ́ọ̀sì kankan kì í lọ síbẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa. Mo ti pẹ́ dé iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé mo ń tò síbi tí wọ́n ti ń ta iná létí òpópónà, ọ̀gá mi sì ti sọ pé tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, kí n má wulẹ̀ wá mọ́. Ibi tó kù fún mi ni mọ́ṣáláṣí wa, tí wọ́n ri ẹ̀rọ ìṣáàjì kan ṣoṣo síbi tí a ń gbé mọ́tò sí. Ọ̀fẹ́ ni. Bí mo bá ṣáàjì lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀, màá lè lọ síṣẹ́ ní Sátidé kí n sì bọ̀.

Àmọ́ Alhaji kan wà níbẹ̀. Frisco ni wọ́n ń gbé, gáréèjì tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí nílé wọn tóbi ju ilé mi lọ, ẹ̀rọ ìṣáàjì méjì ló sì wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, gbogbo Jímọ̀ọ̀ ni wọ́n máa ń dé ṣáájú ìmáàmù, wọ́n á ki wáyà bọ mọ́tò wọn, wọ́n á sì wà níbẹ̀ títí di ìrun alásárì. Ará Amẹ́ríkà á ní kí n lọ sọ fún wọn. Ará Amẹ́ríkà kò mọ̀ pé èèyàn kì í yọ wáyà lẹ́nu mọ́tò àgbà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi lọ bá wọn. Màá tẹ̀ríba, màá béèrè àwọn ọmọ, màá béèrè ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n. Wọ́n á ní, “Ṣé kò sí o?”

“Kò sí o, sà. Mo kàn ní kí n kí yín ni.”

Wọ́n á gbàdúrà pé ọ̀nà mi á là. Màá ṣe àmín, màá wo wáyà náà, màá máa lọ.

Ní Jímọ̀ọ̀ kẹrin, iná tó kù nínú mọ́tò mi kò lè gbé mi kọjá ilé.

“Alhaji, sà, ẹ má bínú. Mo fẹ́ lo wáyà yẹn. Mo níṣẹ́ láàárọ̀ ọ̀la.”

“Tilé rẹ ńkọ́? Ṣé ó bàjẹ́ ni?”

“Mi ò ní, sà. Apartment ni mò ń gbé.”

“Sùbúhánáláhì! O sì ń wò mí láti ọjọ́ yìí! Ṣé o ò mọ̀ pé béèyàn bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́?” Wọ́n yọ wáyà wọn lójú ẹsẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀ tó tẹ̀ lé e, Alhaji gba maikí. Wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó ní ẹ̀rọ nílé fi ti mọ́ṣáláṣí sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní, kí a kà á sí sàráà. Àwọn èèyàn ṣe Alláhù Akbar. Alhaji wá nawọ́ sí mi láti iwájú: “Ọmọ mi, dìde. Lọ ṣáàjì.”

Mo dìde. Ojú tì mí débi pé n kò rí bàtà mi. Mọ́tò oníná kún ìta, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà nìkan ló ṣófo. Inú bí mi sí Alhaji, ó sì tún bí mi nínú pé n kò rí ẹ̀sùn fi kàn wọ́n, torí oore ni wọ́n ṣe. Mo lọ ki wáyà bọ mọ́tò mi. Lọ́jọ́ kejì, mo dé iṣẹ́ lásìkò.