Clarrie Hoskin àti Ọkọ̀ Tó Ga Ju Òfin Lọ

Ṣé irọ́ ni, bí ènìyàn bá di ẹrù sí ọkọ̀ rẹ̀ kí ọkọ̀ náà lè kúrú lójú òfin? Èmi tí mo jẹ́ àlùfáà ìlú wa ti gbé e síwájú Ọlọ́run nínú àdúrà. Títí di òní, n kò rí ìdáhùn gbà.

Clarrie Hoskin, mẹkáníìkì ìlú Wirrabilla tó di olóògbé, kò kà á sí ìbéèrè rárá. Lọ́dọ̀ tiwa, ọkọ̀ tí wọ́n bá fi íńṣì méjì gbé sókè kò nílò ìwé. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, onímọ̀ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì fọwọ́ sí i. Clarrie fi sípíríǹgì tó rọ fúnra rẹ̀ gbé píkọ́ọ̀pù rẹ̀ sókè ní íńṣì mẹ́rin. Nígbà tí ọlọ́pàá lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ gíláàsì ọkọ̀ náà, ó kó àpò méjìlá iyọ̀ tí màlúù ń lá sẹ́yìn rẹ̀, ó fi tapólì bò wọ́n, ó sì wà á lọ bá Glenys Tranter, onímọ̀ ẹ̀rọ náà.

Glenys na okùn ìwọ̀n láti àárín táyà dé etí ọkọ̀ lókè.

"Íńṣì méjì géérégé ló fi ga sí i. Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

"Ṣebí mo ti sọ fún ẹ."

"Kí ló wà lábẹ́ tapólì yẹn?"

"Ọ̀rọ̀ èmi àti Ọlọ́run ni."

"Ẹ jẹ́ kí èmi náà gbọ́ ọ, jàre."

Clarrie fọwọ́ ara rẹ̀ sọ gbogbo àpò náà kalẹ̀, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ṣe ń balẹ̀ ni ọkọ̀ ń ga sí i. Nígbà tí èyí tó gbẹ̀yìn balẹ̀, Glenys bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀. Ó ní, "Ó mà ti sùn tó o, Bàbá. Ó ti dìde."

"Ta ló fọwọ́ sí ìwé ọkọ̀ fún Nóà?" ni Clarrie bi í.

"Ọlọ́run fún Nóà ní ìwọ̀n, ìgbọ̀nwọ́ lórí ìgbọ̀nwọ́. Ta ló fún ẹ̀yin ní tiyín?"

Clarrie kó àpò iyọ̀ rẹ̀ padà sínú ọkọ̀, ó sì wà á lọ bá Una, ìyàwó rẹ̀, nílé láìgba ìwé.

Kì í ṣe fáàrí ló fi gbé ọkọ̀ sókè. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń bá Una fọ ẹ̀jẹ̀, nítorí àìsàn kíndìnrín, nílé ìwòsàn tó wà lódìkejì odò, bí òjò bá sì rọ̀, ọkọ̀ mìíràn kò lè la omi náà kọjá. Nítorí náà ló ṣe ń wà á láìní ìwé. Ọlọ́pàá kan ṣoṣo tí a ní a sì máa wo ìhà kejì, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀.

Èmi ń gbàdúrà kí odò fà. Clarrie ń rọ sípíríǹgì. Odò kò fà. Una kò sì pa ọjọ́ kan jẹ. N kò mọ èwo nínú rẹ̀ ni kí n pè ní ìdáhùn.

Mo bẹ Clarrie wò lórí ibùsùn nígbà tí ọkàn rẹ̀ ń kọṣẹ́. Mo fẹ́ ka Sáàmù fún un, ó gbá ọwọ́ mi mú.

"Dúró ná. Bí èmi bá ń wa ọkọ̀ náà, tí nǹkan já lábẹ́ rẹ̀, mo mọ bí mo ṣe máa dá a dúró. Una ò mọ̀ ọ́n. Òun ló sì máa máa wà á báyìí."

Ó mí kanlẹ̀.

"Bá mi gbé e lọ fún Glenys. Sọ fún un pé kó wá àṣìṣe mi dáadáa."